Ẹni Tí Wọ́n Mọ̀ Mí Sí ní Carrow

Tíì onílẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ fi kí mi ní Carrow, èmi tí n kì í fi lẹ́mọ́ọ̀nù kan ẹnu láti kékeré. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí jáde nínú àgọ́ wa ni, ìrì ṣì ń kán lára aṣọ àgọ́, òkun sì ń mí níwájú bí ẹni tó sùn. Ìyá àgbà kan tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé ti inú kárafáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa jáde, ó sì gbé ife tó ń rú èéfín síwájú mi.

Ó ní, “Gbà, ọmọ mi. Bí o ṣe ń mu ún náà ni mo ṣe é. Kò sí míìkì, kò sí ṣúgà.”

Mo rò pé ó ṣì mí mú ni. Mo dúpẹ́, mo sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé Despina lorúkọ mi, pé láti Adelaide la ti dé nírọ̀lẹ́ àná, pé n kò tẹ etíkun yìí rí láyé mi. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ kékeré ń bá ṣàwàdà. Ó ní Thelma tí mo mọ̀ náà ni òun, pé òun àti ọkọ òun ṣì ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún bí ooru bá ti rọlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dun òun nígbà tí a wá kẹ́yìn: mo ti ṣèlérí pé n óò wá dágbére fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí lọ, wọ́n dúró títí, wọn ò rí mi, wọ́n sì wa kárafáànù wọn lọ.

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn mi. “Irun rẹ tutù. O ti lọ lúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ yìí?”

N kò tíì fojú kan omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, irun mi ń ṣan omi tútù. Mo gbé ife náà sẹ́nu kí n lè rí nǹkan ṣe. Ó dùn lẹ́nu mi. Ó dùn bí ohun tí mo ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yìn àgọ́ ni Graeme, ọkọ mi, wà, ó ń tan sítóòfù. Mo gbọ́ tó ń ṣá ìṣáná, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó jáde, kò kí Thelma. Ó ní kí n yára, pé ọjọ́ ń lọ.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Ọdún kejì ìgbéyàwó wa nìyẹn. Ó ti ní ìyàwó rí kó tó fẹ́ mi. Ó sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ló pa obìnrin náà sí ọsibítù ní Melbourne, pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun òun, pé òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé. N kò bèèrè orúkọ náà rí. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀, èmi ni mo rí àwòrán etíkun Carrow, mo sì gba ibi àgọ́ níbẹ̀ láìsọ fún un, pé kó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ojú ọ̀nà ni mo ti sọ ibi tí à ń lọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Carrow? Kí ló wà ní Carrow? N kò débẹ̀ rí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó ní kí n gbé kúlà oúnjẹ wá sínú mọ́tò. Ó ti jókòó sídìí ọkọ̀. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀. Mo tún tọ̀ ọ́ lọ, ó tún wà á síwájú. Àwọn tó wà nínú àgọ́ yòókù ń wò wá. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, “Ọ̀rọ̀bọ̀, sáré díẹ̀ sí i. Eré ìdárayá ni mò ń kọ́ ẹ.” Ó máa ń ṣe eré yìí ní Adelaide náà. Ẹni tó bá rí wa á rò pé ìfẹ́ ni. Títí mo fi dé inú ọkọ̀, òógùn ti bò mí, ó sì na ọwọ́ nù mí lójú bí ẹni ń nu tábìlì, ó ní òógùn ò yẹ mí.

Èbúté onípákó la kọ́kọ́ lọ, níbi tí àwọn ẹran inú òkun tí wọ́n ń pè ní síìlì ti ń yáàrùn lórí òkúta. Graeme ra bíà, ó ń mu ún láti àárọ̀ kùtù. Mo ń rìn lọ lórí pákó náà, mò ń wo àwọn ẹran náà, n kò wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì fo pákó kan kọjá fúnra rẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń fo àtẹ̀gùn tó ti bàjẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ìdajì pákó náà ti jẹrà. Mo sọ fún ara mi pé ojú mi ló rí i tí ọkàn mi ò mọ̀. Mo tọ́ iyọ̀ wò lẹ́nu mi. Mo tutọ́, kò lọ.

Nígbà tí a máa kúrò níbẹ̀, bíà ti wọ Graeme lára, ló bá ju kọ́kọ́rọ́ sí mi pé kí n máa wa ọkọ̀. Ibi tó kàn ni ilé iná gíga tó ń tọ́nà fún ọkọ̀ ojú omi, lórí òkè tó yọ sínú òkun. Ọ̀nà pín sí méjì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó débẹ̀, kò sí àmì kankan. N kò dúró. Graeme ń wo ọwọ́ mi lórí sítíárìn.

Ó ní, “Ta ló júwe ọ̀nà fún ẹ?”

Mo ní kò sẹ́ni tó júwe rẹ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé, mo sì rí i pé etí rẹ̀ ti funfun.

Ọkùnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Alby ló ń mú àwọn àlejò gun ilé iná náà. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tó rí mi, kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Graeme ní òun ò gun àtẹ̀gùn kankan, ó jókòó sórí ìjókòó ìta pẹ̀lú bíà rẹ̀. Èmi nìkan ni mo tẹ̀lé arúgbó náà gòkè. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ nínú òkùnkùn àtẹ̀gùn náà. Nígbà tí a dé òkè, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wa láṣọ, kò fi òkun hàn mí. Ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ má bínú, màdáámù. Kí lẹ jẹ́ sí Lorelle?”

Mo ní n kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní obìnrin kan dúró síbi tí mo dúró sí yìí gan-an, ó di ọdún mẹ́rin, òun àti ọkọ rẹ̀ tó jókòó sísàlẹ̀ yẹn. Ó ní aláwàdà ènìyàn ni, ó bá òun sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òkun gbé e lọ níbi tí wọ́n ń pè ní Kẹ́tùlù. Gbogbo ìlú ló tú jáde láti wá a. Ọkọ rẹ̀ ní òun ń sùn nínú mọ́tò, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Wọn ò rí òkú rẹ̀ títí di òní.

Mo ní, “Wọ́n ní jẹjẹrẹ ló pa á.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

Mo wo ìsàlẹ̀. Graeme ti dìde, ó ń wo òkè, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú. Alby ní, “Ẹ padà sílé yín lónìí yìí. Bí mo ṣe ń wò yín yìí, òun ni mò ń rí. Ohun tó ń kán lára irun yín yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.”

Ó yẹ kí n gbọ́ tirẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èrò pé a ó lọ sí ibùdó, a ó ká àgọ́, n óò dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, n óò sì jókòó ronú. Mo ṣíná ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, ọwọ́ mi yí sítíárìn sí òsì, sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ funfun tó gba àárín igbó kúkúrú kọjá. Graeme ní kí n yí padà. Mo fẹ́ yí padà. Mo fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbi tó wà. Ó fọwọ́ gba sítíárìn, kò yí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó wá ń rẹ́rìn-ín kékeré nínú ọ̀fun.

Kẹ́tùlù jẹ́ ihò kan láàárín òkúta pẹlẹbẹ, fífẹ̀ rẹ̀ tó iyàrá kan. Òkun ń gba abẹ́ òkúta náà wọlé, á máa hó nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà á tú jáde sókè ní funfun, ga ju ilé lọ. Lẹ́yìn tó bá ti tú, á fa èémí wọlé, ènìyàn á sì gbọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń yí lọ nínú ikùn rẹ̀. Wọ́n ti fi irin ṣe ọgbà yí i ká. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì ga. Mo bọ́ sílẹ̀, mo rìn dé ìdí irin náà, Graeme sì tẹ̀lé mi pẹ̀lú ìbínú.

Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Ibí yìí lo ní kí n dúró sí.”

Ohùn mi kọ́. Ohùn obìnrin kan ni, ó fúyẹ́, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

“Despina, má bá mi ṣe irú eré yìí.”

“O ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i. O ní ojú ọ̀run ò tíì wọ inú fọ́tò. Mo sún. O ní díẹ̀ sí i.”

Bíà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bojú wo ọ̀nà tí a gbà wá, ó rí i pé kò sẹ́nìkan. Nígbà tó tún kọjú sí mi, ara ti tù ú. Bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ló rí. Ó wò mí lójú, n kò sì rò pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Ọ̀rọ̀ rẹ ti sú mi,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ẹ̀rín rẹ, àwàdà rẹ, gbogbo ènìyàn ń fẹ́ràn rẹ. Ojoojúmọ́ ayé.”

“Ọwọ́ mi ṣì di òkúta mú. Mo pè ọ́.”

“Mo gbọ́. Mo gbọ́ ẹ dáadáa. Mò ń dúró kí o dákẹ́ ni.”

Ìgbà náà ni ohùn náà fi ẹnu mi sílẹ̀, tó ku èmi nìkan, Despina. Mo fẹ́ sá. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ìwọ náà ti wá mọ̀ báyìí, Ọ̀rọ̀bọ̀,” ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń káàánú ajá tó fẹ́ pa. Ó gbé mi kọjá irin. Mo fi eyín bù ú jẹ, mo dì mọ́ ọn, kò lè já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. A ṣì ń jà ní etí ihò náà nígbà tí òkun fa èémí wọlé, ó sì pẹ́ kó tó tú u jáde. Ìgbì tó dé lẹ́yìn náà kò gba inú ihò. Orí òkúta ló gbà wá, ó sì gbá àwa méjèèjì lọ.

Nínú omi, kò sí ariwo. Mo rí Graeme nísàlẹ̀ mi, ẹnu rẹ̀ là, ó ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bí ohun tí wọ́n fi okùn fà. Lẹ́yìn náà ọwọ́ kan kàn mí. Ó tutù, ó rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí mi, ó wá sí ojú, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, títí dé àgbọ̀n, bí ìyá ṣe máa ń bọ́jú fún ọmọ kó tó lọ sílé ìwé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò kánjú rárá. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tì mí sókè.

Alby ló fà mí jáde. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó ti wa ọkọ̀ tẹ̀lé wa pẹ̀lú okùn. Ó gbé orí mi lé itan rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe Lorelle, Lorelle. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi kọ́, ṣùgbọ́n omi ni mò ń pọ̀.

Wọ́n rí òkú Graeme lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n wá ìyàwó rẹ̀ kejì, Despina, wọn ò rí i. Wọ́n jáwọ́.

Ní ọsibítù, bàbá arúgbó kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé wá. Bàbá náà di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi orí lé wọn. Ó ní Lorelle, ọmọ òun, tí òun ti sin láìrí òkú, ti padà dé. Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ wọ́n. Dókítà ní ó lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bèèrè dígí, wọ́n sì fún mi. Ojú mi ni mo rí nínú rẹ̀, ojú tí mo ti ń rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo na àtàǹpàkò mi sí wọn, mo fi àpá ibi tí ààrò ìyá mi ti jó mi hàn wọ́n. Ọmọbìnrin náà fi ẹnu kan àpá náà. Ó ní, “Orí kẹ̀kẹ́ mi lo ti ṣubú lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo dì í fún ẹ.”

Ọlọ́pàá bi mí bí Despina ṣe kú. Mo ní èmi nìyí. Wọ́n fi ìwé wọn pamọ́, wọ́n ní kí n sinmi.

Wọ́n mú mi lọ sílé bàbá náà, wọ́n ń ṣọ́ mi, wọ́n ń fún mi ní tíì onílẹ́mọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sọ́jà, mo wọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, mo sì forí lé Adelaide, ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ìlú Gíríìsì ni wọ́n ti bí i. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń gbé inú ilé kan náà. Kí n tó kan ilẹ̀kùn, mo ti gbọ́ òórùn tùràrí. Ó ṣílẹ̀kùn. Aṣọ dúdú ló wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ti rù.

“Ẹ káàbọ̀,” ó wí. “Ta lẹ ń wá?”

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, kò fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Mo ní, “Màmá, èmi ni.”

Kò pariwo. Ó wo ojú mi títí. Ó ní, “Ẹ̀yin lobìnrin tí wọ́n yọ nínú omi. Mo rí yín nínú tẹlifíṣàn. Ẹ wọlé.”

Ó fi mí jókòó sí pálọ̀. Fọ́tò mi wà lórí tábìlì, wọ́n tan àbẹ́là síwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ìjọ ti wá lọ. Ọjọ́ ìrántí òkú mi ni. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan.

“Wọ́n ní ẹni mẹ́ta ni òkun yẹn ti gbé, ẹ̀yin nìkan ló sì jáde. N kò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ọmọ mi di yín mú, tí ẹ sì já a dànù?”

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo sọ orúkọ tó máa ń pè mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n. Mo sọ ohun tó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá mi kú, nígbà tí àwa méjì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ó na ọwọ́ sí ojú mi, mo sì rò pé ó ti parí, pé ó ti mọ̀ mí.

Ó fa ọwọ́ náà padà.

“Ó bá yín sọ̀rọ̀ kó tó kú,” ó wí. “Ó rán yín sí mi. Ẹ ṣeun tí ẹ jíṣẹ́ rẹ̀.”

Mo ní, “Màmá.”

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ó ń dun òun.

Ó dìde lọ sí ilé ìdáná, ó sì gbé àwo kékeré kan bọ̀: àlìkámà bíbọ̀ tí a fi ṣúgà àti ẹ̀pà òyìnbó pò, èyí tí àwọn ènìyàn wa máa ń jẹ fún òkú. Ó fi ṣíbí sí i, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n sì gbàdúrà fún ọmọ òun, nítorí pé èmi ni mo rí i gbẹ̀yìn.

Iyọ̀ nìkan ni mo tọ́wò níbẹ̀. Ìyá mi jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí Ọlọ́run tẹ́ Despina sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo ní, “Àmín.”